Ohun Tó Bá Ní Oríkèé

Àpótí páálí kékeré kan ló ti òkè Vosges wá,
wọ́n fi okùn dè é lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni pé ohun inú rẹ̀ lè sá.
Eulalie Sauvadet tú u lórí tábìlì ìdánwò
ní Thiers, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sódò Durolle.
Ọ̀bẹ aṣẹ́po ni. Èèkù ìwo àgbò.
Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sínú oríkèé rẹ̀, ó dúdú bí ọ̀dà.

Lẹ́tà wà níbẹ̀, ó hàn pé ọwọ́ òsì ló kọ ọ́:
“Èmi Théophane Grandclaude, agégi.
Ẹ ní ìdè yín kì í já.
Ó já.
Ìka méjì ni mo fi mọ̀.”

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lobìnrin yìí ti ń dán ìdè wò.
Ó mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ lóru:
èyí tó jẹ́ òrùka, tí a gbọ́dọ̀ yí kó tó gbà;
èyí tó jẹ́ ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́,
tó ń yọ́ bọ́ sẹ́yìn gìgísẹ̀ ọ̀bẹ
bí ẹni fi èjìká ti ilẹ̀kùn mọ́ olè;
èyí tó na gbogbo ẹ̀yìn èèkù já,
tó ń dún “kọ́” bí eyín rẹ̀ bá bọ́ sí kòtò.
Ti Grandclaude nìyẹn. Alágídí lobìnrin náà ń pè é.
Ó ti so ogójì kílò rọ̀ mọ́ irú rẹ̀ rí, kò mira.

Ó ṣí i. Kò dún “kọ́”. Ó dún “kẹ̀”.
Ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá igi, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan,
abẹ sì ṣubú sínú èèkù bí ọ̀mùtí.

Ó fi awò wo inú kòtò:
oje igi páínì àti ìyẹ̀fun ayùn
ti dì pọ̀ bí èépá ìdí ìkòkò,
eyín ìdè ò ráyè wọlé ju ìdajì lọ.
Ó yí i padà. Ojú òòlù wà lẹ́yìn abẹ,
mẹ́fà, bóyá méje.
Ọkùnrin yìí ti fi òòlù gbá a wọ ìtì igi.

Ọ̀gá Barnabé yọjú láti ẹnu ọ̀nà:
“Kọ ọ́ sí i pé ẹ̀bi tiẹ̀ ni. Ta ló ń fi abẹ́rẹ́ hú iṣu?”

Kò dáhùn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń rò,
tó dojú bolẹ̀ lórí pákó fún ogójì ọdún,
tí omi Durolle ń yí òkúta ìpọ́nbẹ níwájú rẹ̀,
tí ajá kan ń sùn lórí itan rẹ̀ kí òtútù má baà pa á.
Ọ̀bẹ tó ń pọ́n nígbà náà, kò sí ìdè kan lára wọn.
Ẹni tó rà á mọ̀ pé ó lè pa dé mọ́ òun lọ́wọ́;
ìbẹ̀rù ni ìdè rẹ̀.
Àwa la wá gba ìbẹ̀rù lọ́wọ́ wọn,
la kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé: FÚN IṢẸ́ AGBÁRA.

“Ọ̀gbẹ́ni Grandclaude,
ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀,
ṣùgbọ́n ó lè gbẹ́ ọwọ́ tó di èèkù mú.
Ìdè náà ò já. Kò ráyè dì ni.
Ẹ̀yin lẹ ò fọ̀ ọ́; àwa la ò sọ fún yín.
Ohun tó bá ní oríkèé, kì í ṣe ọ̀kan,
méjì tó fohùn ṣọ̀kan ni,
ohùn sì lè yà.
Ẹ máa fi gé okùn, ẹ máa fi gé wàràkàṣì.
Fún ìtì igi, ẹ gba èyí.”

Ó fi ọ̀bẹ tí kò mọ bí a ti ń tẹ̀ sínú àpótí,
irin kan ṣoṣo láti ẹnu dé ìdí,
ó ní kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú oṣù òun.

Ó rẹ Alágídí sínú epo bẹntiróò.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó nù ún, ó ṣí i:
“kọ́.”
Ó dì.
Síbẹ̀, kò fi ìka sọ́nà rẹ̀.